Kí O Tó Polówó Mọ́tò

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ èyí fún. Ẹni tó bá jókòó ti ọjà rẹ̀ láìlanu, ọjà náà ni yóò bá a sùn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tó ń fi òwe yìí lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá dé sítáńdì tí wọ́n ti ń ta mọ́tò, tí wọ́n á ní iṣẹ́ náà kò gbà ju ẹnu lọ. Wọ́n ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, wọ́n sì ń fi owó olówó ṣòfò.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ṣojú mi ní sítáńdì kan n'Ìbàdàn. Ìyá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà wá ra Corolla tòkunbọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ló fẹ́ kó lé e, kí ọmọ rẹ̀ lè máa fi kó èrò. Ó mú mẹkáníìkì rẹ̀ dání, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọkùnrin tó dá wọn lóhùn kò tíì pé oṣù kan níbẹ̀. Kí wọ́n tó kí i tán ló ti bẹ̀rẹ̀: "Mọ́mì, ẹ káàbọ̀ ma. Ẹ wo mọ́tò yìí ma, kò ní ìṣòro kankan. Fọ́ọ̀sì bọ́dì ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló lò ó l'Amẹ́ríkà. Ẹ sanwó, kí ẹ máa wà á lọ ni."

Bàbá mẹkáníìkì kò dá a lóhùn. Ó wọ inú mọ́tò, ó fa bẹ́líìtì ìjókòó dẹ́ràívà jáde títí ó fi tán. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọwọ́ afọmọ́tò kì í dé, àbàwọ́n ẹrẹ̀ kan fa ìlà gbọọrọ kọjá lára rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn, ó ṣí búùtù, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé sípíà táyà kúrò nínú kòtò rẹ̀, ó fi ìka kan gbá ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná tó ti gbẹ ló bá ìka náà jáde. Ó nawọ́ sí ìyá náà kó wò ó. Ìyá náà wá yíjú sí ọmọkùnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé omi ti mu mọ́tò yìí?" Ọmọ náà dáhùn pé, "Rárá o, Mọ́mì, wọ́n kàn fọ̀ ọ́ dáadáa ni."

Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Mọ́tò tó wà ní sítáńdì náà lé ní ogún, kò sì wo ìkejì. Èyí tó wá dùn mí jù ni ohun tí ọ̀gá ibẹ̀ sọ lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán. Ó fọwọ́ gbá ọmọ náà lẹ́yìn, ó ní, "Má dá wọn lóhùn. O gbìyànjú. Ẹnu ẹ dáa."

Ẹnu ẹ dáa! Ọmọ náà kò mọ̀ pé omi ti mu mọ́tò náà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa, àìmọ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ hàn án lójú, tó ní wọ́n kàn fọ̀ ọ́ ni, ó mọ̀ọ́mọ̀ pa ìyẹn ni. Ọ̀gá rẹ̀ sì yìn ín fún un. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ tó dára di onírọ́ láàárín oṣù kan nìyẹn.

Mọ́tò tí omi mu kì í ṣe ohun àjèjì nínú òwò tòkunbọ̀. Nígbà tí ìjì Harvey da omi bo Houston ní Amẹ́ríkà àti agbègbè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2017, mọ́tò tó rì níbẹ̀ kò lóǹkà. Tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ adójútòfò á san owó fún onímọ́tò, wọ́n á sì kó mọ́tò náà lọ sí ọjà gbàǹjo bíi Copart, níbi tí èèyàn ti lè jókòó sí Èkó kó fi fóònù ra mọ́tò tó ti bàjẹ́ ní Texas. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, tí ẹni tó rà á bá mọ ohun tó rà, tó sì sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ tà á fún. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé mọ́tò tí omi mu kì í ṣàìsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá rà á. Wáyà inú rẹ̀ á máa dípẹtà díẹ̀díẹ̀. Ó lè tó oṣù mẹ́fà kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn gbogbo, kí jíà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò, kí rẹ́wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lára ẹni tó rà á. Nígbà náà, ẹni tó fi ẹnu dídùn tà á ti gbàgbé orúkọ oníbàárà rẹ̀.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí láìṣe é rí, gbọ́ mi dáadáa. Àìmọ̀ rẹ kò burú. Kò sí ẹni tó jáde láti inú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ohun tó burú ni kí o fi ariwo bo àìmọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í tilẹ̀ dé sítáńdì mọ́ báyìí. Wọ́n á mú àwòrán mọ́tò tí ẹlòmíràn gbé sórí WhatsApp, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé tiwọn, wọ́n á bu owó lé e, wọ́n á máa búra lé mọ́tò tí wọn kò fojú rí rí. Tí oníbàárà bá bi wọ́n ní ìbéèrè kan, wọ́n á sáré lọ bi ẹni tó gbé e síbẹ̀, òun náà á sì sáré lọ bi ẹlòmíràn. Má bẹ̀rẹ̀ báyìí. Wá sítáńdì kan tí ọ̀gá ibẹ̀ máa ń jẹ́ kí oníbàárà mú mẹkáníìkì tirẹ̀ wá, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà ọ́. Ọ̀gá tó bá ń sá fún mẹkáníìkì oníbàárà, sá fún òun náà.

Tí ó bá gbà ọ́, iṣẹ́ tó yẹ kí o kọ́kọ́ tọrọ ni fífọ mọ́tò. Má jẹ́ kó tì ọ́ lójú. Ní gbogbo sítáńdì, wọ́n gbọ́dọ̀ nu eruku kúrò lára mọ́tò láràárọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tan ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan kí bátìrì má baà kú. Àwọn tó fẹ́ di ọ̀gá lọ́sàn-án kan ṣoṣo ń sá fún iṣẹ́ yìí, wọn kò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ wà. Ẹni tó bá fọ mọ́tò kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ni ín lọ. Ọwọ́ rẹ á mọ ibi tí ọ̀dà ti nípọn ju ibòmíràn lọ. Ojú rẹ á rí ọ̀dà tó ta sí etí rọ́bà wíńdò, èyí tí iléeṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wà á rí i pé àlàfo tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti iná iwájú lọ́tùn-ún kò bá ti òsì mu, tàbí pé sípánà ti ha orí nọ́ọ̀tì tó di fẹ́ńdà mú. Nígbà náà ni wà á mọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún ọ, pé mọ́tò náà ti forí gbá nǹkan rí.

Ẹ́ńjìnì tó tutù ní àárọ̀ máa ń sọ òtítọ́. Tí o bá tàn án, lọ sẹ́yìn kí o wo èéfín rẹ̀. Bí ó bá rí bíi búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Bí ó bá funfun, tó nípọn, tí kò sì lọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbóná, omi ráríátọ̀ ti ń wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Bí ó bá dúdú, epo bẹntiróòlù tó ń jó ti pọ̀ jù. Tún wo iná airbag: ó yẹ kó tàn bí o bá ṣí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ nǹkan kan kúrò kó lè fi nǹkan pamọ́. Bá rẹ́wáyà àdúgbò ṣọ̀rẹ́, kí o ra ẹ̀rọ síkánà kékeré. Gbogbo mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí wọ́n ti ń kì í bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀ sítíárìn, síkánà náà á sì ka àìsàn mọ́tò fún ọ. Má gbàgbé pé wọ́n lè pa kóòdù rẹ́ lóru kí oníbàárà tó dé láàárọ̀. Ìdí nìyí tí etí àti ojú rẹ fi gbọ́dọ̀ tó síkánà náà.

Lẹ́yìn èyí, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà ṣáásì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló jẹ́, wà á rí i ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ dẹ́ràívà, wà á tún rí i lára òpó ilẹ̀kùn. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti tò ó. 2 jẹ́ Kánádà, J jẹ́ Japan. Corolla tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1, Kánádà ló ti wá. Camry tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4T1, Amẹ́ríkà ni. Ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: 8 jẹ́ 2008, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, C jẹ́ 2012. Èyí wúlò gan-an, torí Camry tí àwa ń pè ní Muscle wà láti 2007 sí 2011, ojú lásán kò sì tètè mọ ọdún kan yàtọ̀ sí èkejì. Àìmọye 2007 ni wọ́n ti pè ní 2009 tà fún ẹni tí kò mọ ipò kẹwàá. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú nọ́ńbà yìí rárá, kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú fún 1 àti 0. Bí o bá rí ìwé tí O wà nínú nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti ṣàṣìṣe, tàbí kí ìwé náà jẹ́ ayédèrú. Ní Amẹ́ríkà, àjọ NICB ní ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ti lè fi nọ́ńbà yìí wò lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá wọ́n ti jí mọ́tò kan tàbí bóyá iléeṣẹ́ adójútòfò ti kà á sí èyí tó ti bàjẹ́. Wò ó kí oníbàárà rẹ tó wò ó.

Máìlì ńkọ́? Mọ́tò Amẹ́ríkà, máìlì ni mítà rẹ̀ ń kà. Máìlì 100,000 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 160,000. Mo ti gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ń sọ máìlì bí ẹni pé kìlómítà ni, inú rẹ̀ dùn pé mọ́tò náà kò rìn púpọ̀. Oníbàárà tó mọ̀ á kàn rẹ́rìn-ín, á sì lọ. Lára táyà, wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ń dán tó sì ti gbó lọ́jọ́ orí lè bẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ̀mí èèyàn ló sì wà nínú mọ́tò náà.

Ní ọjọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ní sítáńdì, lọ sí Ládípọ̀, ọjà ohun èlò mọ́tò ní Mushin l'Ékòó, kí o béèrè iye tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ́sì Corolla jẹ́, iye jíà Camry, iye ṣọ́ọ̀kì iwájú Highlander. Kọ ọ́ sínú ìwé. Oníbàárà tó gbọ́n kì í ra mọ́tò láìbéèrè bí àwọn ohun èlò rẹ̀ ṣe wọ́n tó, ẹni tó bá sì lè dá a lóhùn láìkálòlò, òun ni yóò gbà gbọ́.

Ìwé mọ́tò ni ibi tí àìmọ̀ ti lè gbé ọ dé àtìmọ́lé, nítorí náà má fi ṣeré. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ẹnu ibodè orí ilẹ̀. Mọ́tò tó bá gúnlẹ̀ sí Kútọnú, tó gba inú igbó Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdírókò wọlé, kò lè ní ìwé aṣọ́bodè tòótọ́, bó ti wù kí ìwé tí wọ́n fi hàn ọ́ mọ́ tó. Ní 2019, àwọn aṣọ́bodè ti ọ̀pọ̀ sítáńdì pa káàkiri nítorí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè dá oníbàárà rẹ dúró lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì wá ọ wá. Fi nọ́ńbà ṣáásì tó wà lára mọ́tò wé èyí tó wà lórí ìwé, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà, béèrè ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ín, kí o sì rí i dájú pé ẹni tó ń tà á ni orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, tàbí pé ó ní ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ olóhun. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀ sí ìwé kan, má ta mọ́tò náà.

Nísinsìnyí, oníbàárà dé. Kí i. Fún un ní ìjókòó àti omi bí ó bá ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu rẹ mọ́, kí o sì béèrè: ta ló fẹ́ máa wà á? Ojú ọ̀nà wo ló ń gbà lójoojúmọ́? Ènìyàn mélòó ló máa ń jókòó sínú rẹ̀? Èló ló mú wá, kí ló sì fẹ́ fi pamọ́ fún àtúnṣe àti ìwé? Ọ̀rọ̀ epo ti di pàtàkì ju tẹ́lẹ̀ lọ látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023. Ẹni tó ń lọ láti Ìkòròdú sí Erékùṣù Èkó lójoojúmọ́, tó ní Camry oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà wu òun, sọ fún un ní tòótọ́ bí yóò ṣe máa mu epo nínú gosiló, kí o sì fi oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin hàn án. Ó lè bínú díẹ̀. Á dúpẹ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Ohun kan tún wà tó ń bí mi nínú: bí obìnrin bá wá ra mọ́tò, tó mú ọkùnrin kan dání, àwọn ọmọ sítáńdì á kọjú sí ọkùnrin náà. Wọ́n á ṣàlàyé ẹ́ńjìnì fún ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á sì máa sọ fún ẹni tó ni owó pé "Mọ́mì, wo kọ́lọ̀ rẹ̀, ó máa bá yín mu." Ẹni tó fẹ́ sanwó ni kí o bá sọ̀rọ̀. Obìnrin tó fi ọdún mẹ́wàá kó owó jọ mọ ohun tó ń béèrè.

Sọ àbùkù mọ́tò kí oníbàárà tó rí i. Mo mọ̀ pé ibí yìí ni àwọn ọ̀gá kan á ti pariwo. Gba àpẹẹrẹ kan. Camry 2007 sí 2009 oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jẹ ọ́ìlì. Toyota fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún ti ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà. Bí o bá ń ta ọ̀kan, sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, irú ẹ́ńjìnì yìí máa ń jẹ ọ́ìlì. Èyí kò tíì bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ máa fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ wò lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ má dúró de ìgbà tí iná bá tàn." Kí ni o pàdánù? Bí ẹni náà bá sá, mẹkáníìkì rẹ̀ ni ìbá sọ fún un lọ́nà tó burú ju tìrẹ lọ. Bí ó bá sì rà á, ọjọ́ tó bá fa ọ̀pá náà yọ, tó rí i pé ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, orúkọ rẹ ni yóò rántí, yóò sì rántí rẹ̀ sí rere. Òfin ààbò oníbàárà ilẹ̀ wa ti 2018 pàápàá fún olùrà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Kí o tó ta mọ́tò kankan, kí ìwọ àti ọ̀gá rẹ ti sọ kọ́míṣọ́ọ̀nù rẹ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní àdéhùn ló máa ń bu owó lé orí mọ́tò ní ìkọ̀kọ̀, tí ọ̀gá á pe iye kan, tí òun á pe òmíràn. Àwọn àgbà mọ irú rẹ̀, wọ́n ní alágbàtà tí ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Lóde òní, oníbàárà méjì péré tó bá pàdé ara wọn ti tó láti tú àṣírí rẹ. Má gba owó mọ́tò sínú àkáǹtì tìrẹ láé. Kí wọ́n san án sí àkáǹtì ẹni tó ni ín, kí o sì rí i pé owó ti wọlé sí báǹkì gan-an kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, torí àwọn ọ̀dájú ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ránṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wa mọ́tò wò, jókòó tì í. Bí ó bá ní kí o sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi fún òun, gba kọ́kọ́rọ́ dání lọ.

Àwọn tó gbà pé ẹnu nìkan ló ń ta mọ́tò sábà máa ń fi orúkọ Joe Girard lé mi lójú. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ Girard. Detroit ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló ń ṣe, iṣẹ́ náà sì dojú dé, ó wọ gbèsè. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó lọ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta Chevrolet ní 1963. Kò ta mọ́tò rí. Kí ó tó kúrò nínú iṣẹ́ náà ní 1978, ó ti ta mọ́tò 13,001, ó sì ta 1,425 nínú rẹ̀ ní ọdún 1973 nìkan. Guinness kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn. Ẹnu rẹ̀ dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fi gbajúmọ̀ jù ni káàdì tó máa ń fi ránṣẹ́ sí ilé àwọn oníbàárà rẹ̀ lóṣooṣù, káàdì tó ń sọ fún wọn pé òun fẹ́ràn wọn. Àwọn tó ti ra mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ tán náà wà lára wọn! Ó gbà pé lẹ́yìn tí owó bá wọlé ni títà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá bá a lẹ́yìn ọdún díẹ̀ jẹ́ àwọn tó ti rà lọ́wọ́ rẹ̀ rí, àti àwọn tí wọ́n rán wá.

Ṣe bẹ́ẹ̀. Ra ìwé kan. Kọ orúkọ oníbàárà sí i, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, mọ́tò tó rà, ọjọ́ tó rà á, ìgbà tó yẹ kí wọ́n yí ọ́ìlì rẹ̀. Pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí o béèrè bí mọ́tò ṣe ń ṣe. Pè é nígbà Iléyá tàbí Kérésì, kí o má sì mẹ́nu ba títà. Ẹni tó bá sọ ìṣòro rẹ̀ fún ọ, bá a wá ẹni tó máa tún un ṣe. Èyí dára ju kí o máa da àwòrán mọ́tò lé ẹgbẹ̀rún èèyàn lórí WhatsApp láago márùn-ún ìdájí.

Mo mọ òwe tí ẹ máa fi dá mi lóhùn: òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn àgbà sọ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Wọ́n ń ráhùn nípa ìwà ọmọ aráyé ni, wọn kò fi rán ọmọ wọn níṣẹ́. Mo sì gbà pé ẹni tó ń sọ òtítọ́ lè má ta mọ́tò kan ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń pa irọ́ lè ta méjì. Má wo ìyẹn. Fi owó kékeré kan pamọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí o ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tí wà á máa ṣe ní ìrọ̀lẹ́, kí ebi má baà fi irọ́ sí ọ lẹ́nu. Ebi ló ń sọ ọ̀pọ̀ wọn di onírọ́, kì í ṣe ìwà.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pààlà sí òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìpolówó ni àgúnmu òwò, bẹ́ẹ̀ ni, fún ọjà tí wọ́n fi kọ́kọ́ pa á. Obìnrin tó bá polówó àkàrà, ẹni tó gbọ́ á wá, á jẹ ẹ́, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó ti kan. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kò ju owó péréte lọ, kò sì pẹ́ ju ẹnu lọ. Mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rà á kò lè tọ́ inú ẹ́ńjìnì wò. Ó lè lo ọdún márùn-ún kó tó tún ra òmíràn. Owó rẹ̀ sì ti wá di òkè ńlá: láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 470 kọjá 1,400 kí ọdún tó yípo, owó tòkunbọ̀ sì fò tẹ̀lé e. Ẹni tó kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ kò wá ẹni tó máa polówó fún un. Ẹni tó máa sọ òtítọ́ fún un ló ń wá. Nínú òwò mọ́tò, ẹnu ẹni tó rà á tó sì ń gbádùn rẹ̀ ló ń polówó, ẹnu ẹni tó ń tà á kì í tó o.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ní sítáńdì, ọ̀rọ̀ yín ni mo fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ọmọ tí ẹ gbà síṣẹ́, ẹ fi àìsàn mọ́tò kọ̀ọ̀kan hàn án kí ẹ tó fi owó rẹ̀ hàn án. Bí ó bá sọ fún oníbàárà pé "N kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ béèrè", ẹ má bínú sí i, ẹ yìn ín. Ìwọ tí o sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, mú tówẹ́ẹ̀lì ìnumọ́tò, ìwé pélébé kan àti bírò dání. Tètè dé kí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Fi ìpolówó sílẹ̀ títí wà á fi ní mọ́tò kan tí o mọ rere àti búburú rẹ̀, tí o sì lè fi orúkọ bàbá rẹ dúró fún ohun tí o bá sọ nípa rẹ̀.